Ẹ Má Ṣe Fi Oògùn Pa Ọ̀rẹ́ Àgbẹ̀

Àwọn baba wa ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ku ìdajì. Kòkòrò tí ń pa kòkòrò náà jẹ pẹ̀lú, ìdí ẹ̀fọ́ kan náà ni ó wà. Àgbẹ̀ tí ó bá gbé páńpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn láìwo ojú ewé, tọ̀tá-tọ̀rẹ́ ni ó ń pa pọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe ń bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Láti Òkìtìpupa dé Igbótako, láti Ìlútitun dé Òde-Ìrèlè, ta ni kò mọ iyì ẹ̀gẹ́? Òun ni pupuru wa, òun ni gàrí wa, òun ni owó ilé-ìwé ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì kù díẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1973 ni a kọ́kọ́ rí kòkòrò funfun kan ní ilẹ̀ Kóńgò, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lé e lórí. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Abo nìkan ni gbogbo wọn, wọn kò sì wá akọ kí wọn tó bí sí i. Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn, igi ẹ̀gẹ́ tí a ń gé gbìn náà ń gbé wọn. Wọ́n ń mu oje ọ̀mùnú, ewé a ká jọ, ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta dáadáa. Kí ọdún 1980 tó dé, wọ́n ti wọ Nàìjíríà. Níbi tí ọ̀ràn náà ti le jù, ìdá 8 nínú 10 ìkórè ni ó lè bá wọn lọ.

Ní Ìbàdàn ni ìrànlọ́wọ́ ti jáde, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Ọ̀mọ̀wé Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ìbéèrè wọn kò le: kí ni kò jẹ́ kí kòkòrò yìí run ẹ̀gẹ́ ní ilé tirẹ̀? Ní 1981, ní ilẹ̀ Paraguay, ìdáhùn dé. Agbọ́n kékeré kan ni, tí kò tó mìlímítà 2, Anagyrus lopezi ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. A kọ́kọ́ gbé e lọ sí London fún àyẹ̀wò, kí a má baà fi ẹ̀tẹ̀ wo làpálàpá, kí a tó kó o wá sí Ìbàdàn, tí a sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Inú kòkòrò funfun ni ó ń yé ẹyin sí; ọmọ tí ó bá pa a máa jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi gan. Kì í ta ènìyàn, kì í jẹ ewé. Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 20 lọ ní Áfíríkà, àgbẹ̀ kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Ní 1995, a fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ọ̀tá kò tán síbẹ̀. Ní 2016, kòkòrò mìíràn láti Amẹ́ríkà bọ́ sínú àgbàdo wa, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì sáré lọ ra oògùn. Ṣùgbọ́n a ti rí agbọ́n tíńtín mìíràn, Telenomus remus, tí ń ba ẹyin kòkòrò náà jẹ́, nínú oko ní Benin, Niger àti Côte d'Ivoire. Oògùn tí a bá fín kiri láìwò, òun náà ni yóò pa.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé àgbẹ̀ kò lè káwọ́ gbera kí kòkòrò máa jẹ oko rẹ̀, a kò jiyàn. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ́kọ́ wò, kí a mọ ibi tí ọ̀ràn wà, kí a má sì fín kọjá ibẹ̀.

A ń béèrè lọ́wọ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè pé kí wọn rán àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ àgbẹ̀ wọ abúlé, kì í ṣe kí wọn jókòó sí ọ́fíìsì. A ń béèrè lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀ pé kí wọn ṣọ́ ibodè, nítorí láti òde ni àwọn ọ̀tá méjèèjì ti wọlé. Ìmọ̀ tí ó gba ẹ̀gẹ́ Áfíríkà là, ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti tàn kálẹ̀. Kò bójú mu kí àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbọ́ ọ.

Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé. Kí olúkúlùkù yẹ igi ẹ̀gẹ́ wò kí ó tó gbìn ín. Bí ẹ bá sì rí kòkòrò funfun tí ó ti gan, tí ihò kékeré wà lára rẹ̀, ọmọ-ogun yín ti dé ibẹ̀. Ẹ gbé oògùn padà sílé.