Fítámì Kò Lè Rọ́pò Ewé Lẹ́nu Ehoro

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwa tí à ń sin ehoro ní Òṣogbo àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni mí kí ojú tó dá mi dúró. Ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò Operation Feed the Nation dé, ni mo kọ́kọ́ sin ehoro ní Ilésà. Ewé ọ̀dùnkún, yúnyun àti èèrí àgbàdo là ń fún wọn, wọ́n sì ń sanra. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ fún mi ní kí n yé dààmú ara mi lórí ewé, kí n sáà máa po fítámì sómi wọn. Ó dùn mọ́ mi, torí ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ewé sì wọ́n. Ọmọ ehoro 14 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni mo fi dán an wò. Èèrí àti kúlíkúlí nìkan ni wọ́n ń jẹ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbẹ́ gbuuru ti pa 9. Owó ọjọ́ ogbó mi ló lọ yẹn.

Dókítà ẹran tí mo lọ bá ló là mí lóye. Ehoro kì í ṣe adìẹ. Koríko àti ewé ló ń mú inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bí kò bá rí i jẹ, kò sí fítámì tó lè gbà á. Ó tún ní ìgbẹ́ rírọ̀ kan wà tí ehoro máa ń fẹnu gbà nídìí ara rẹ̀, tí yóò sì gbé e mì. (Mo ti ń rí i tipẹ́, mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n ni!) Ibẹ̀ ló ti ń rí fítámì B àti K. Fítámì C, ara rẹ̀ ló ń ṣe é. Ti A wà nínú ewé tútù, ṣùgbọ́n bó bá kéré jù tàbí tó pọ̀ jù lára abo tó lóyún, oyún lè bàjẹ́. Ẹni tó ń fún wọn léwé tó tún ń da fítámì lé e, kó ṣọ́ra.

N kò ní ká má ra èròjà rárá o. Ẹni tó ń po oúnjẹ gbígbẹ gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ díẹ̀, egungun lílọ̀ àti premix sí i, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí koríko gbígbẹ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kílò 2½ fún tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n sábà ń kọ sára àpò premix, ìyẹn gíráàmù 25 péré fún kílò 10. Ta ló ní òṣùwọ̀n gíráàmù nílé nínú wa? Ẹ̀kúnwọ́ là ń bù sí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹran ní Òṣogbo àti Ilésà ni pé kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké, gíráàmù 25, kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ irú ẹran tó wà fún sára rẹ̀. Èyí tí mo rà, àwòrán adìẹ ló wà lára rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ tinú tẹ̀yìn. Kí wọ́n sì yé ta oúnjẹ adìẹ tí wọ́n ti po oògùn mọ́ fún wa, torí òmíràn nínú oògùn wọ̀nyẹn lè pa ehoro. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ àgíríìkì náà, ẹ máa yọjú sí wa. Ẹ̀yìnkùlé wa la wà, a ò sá lọ.

Márùn-ún tó kù fún mi ti ń bímọ báyìí. Mo ti gbin ọ̀dùnkún sẹ́yìn balùwẹ̀ de ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.