Ẹ Má Fi Pupa Nìkan Ṣàmì

Bí a bá ń fi Graphviz ya àwòrán ìyípadà ipò ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ wa máa ń kun ipò ìkọṣẹ́ ní pupa, ó tán. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ní ilé iṣẹ́ l'Ágídìngbì, níbi tí ẹlòmíràn nínú wa ti lè ṣe SIWES, bí wọ́n bá tẹ àwòrán náà ní dúdú àti funfun, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ, pupa á di àwọ̀ eérú. Òṣìṣẹ́ alẹ́ ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìrísí sọ̀rọ̀: `shape=octagon` fún ìkọṣẹ́, `shape=doublecircle` fún ipò ìparí, `style=dashed` fún ọfà àtúnṣe. Ẹ kọ `node [shape=circle]` lẹ́ẹ̀kan lókè; àwọn ipò yòókù á tẹ̀lé e. Kí ẹ tó fún olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìsí àwọ̀, kí ẹ wò ó.