Ẹ Gbé Irin Bí Ẹni Tó Ń Dá Àjọ

Lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gé ìwé lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ló kọ ọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun ti bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà lòun sì pa á tì. Ìyàwó rẹ̀ ti wá sọ ọ́ lórúkọ, ó ń pè é ní Bàbá Ọ̀sẹ̀ Méjì, nítorí pé kò gbé irin kọjá ọ̀sẹ̀ méjì rí. Ó wá ń bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, kí ni mo lè ṣe sí ọkàn mi? Ó máa ń sú mi ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Òun nìkan kọ́. Ẹ rìn láti Bajúláyé títí wọ Ìlàjẹ ní Bàrígà nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì sínú agolo ńlá, tí wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́ láàárín, tí wọ́n sọ ọ́ di irin gbígbé. Kò sí fáànù, kò sí dígí lára ògiri. Bí ọdún tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, èrò á kún ibẹ̀ bámúbámú, kálukú á ní ọdún yìí ni àyà òun máa yọ. Ẹ padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ẹni mẹ́ta lẹ máa bá, ọ̀kan nínú wọn á sì jókòó, á máa jẹ ẹ̀pà.

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń gbé ìdì ìwé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà lé ìtara lórí. Ìtara sì dà bí iná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA. Ó ń wá, ó ń lọ, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká bi àwọn ìyá wa lọ́jà Bàrígà bóyá wọ́n máa ń dúró kí inú wọn dùn kí wọ́n tó dá àjọ. Láéláé! Ọjọ́ mìíràn wà tí ọjà ò tà, tí òjò ti ba ata jẹ́, tí ènìyàn bá rí alájọ lókèèrè, bíi kó sá sábẹ́ tábìlì ló máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n alájọ á yọ, á na káàdì, ìyá á tú kókó etí ìró, owó á jáde.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀, tí mo fẹ́ kí Bàbá Ọ̀sẹ̀ Méjì dì mú, nìyí. Iye tí ìyá kan ń dá lójúmọ́, kì í fi ọjọ́ tí ọjà tà wìtìwìtì díwọ̀n rẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà dá ló fi ń díwọ̀n. Ó mọ̀ pé bóun bá tìtorí fáàrí gba káàdì olówó ńlá, kó tó di ọjọ́ kẹta ojú á ti ti òun. Èyí tó lè san lọ́jọ́ tí nǹkan le ló ń gbà. Bí oṣù bá parí, tó rí i pé apá òun ká a, ó gba káàdì mìíràn, ó fi díẹ̀ kún un.

Àwa tí à ń gbé irin ńkọ́? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ara ń yá wa gágá la fi ń díwọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni yìí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé nígbà tóun bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, òun gbé e títí tí òun ò fi lè ká apá sókè wọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì. Ta ni inú ẹ̀ á dùn láti padà sídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé èyí tí ẹ lè gbé lọ́jọ́ tí oníbàárà ti mú yín bínú, tí mọ́tò há yín mọ́ Onípànù, tí ebi ń pa yín. Bó bá kéré, kó kéré. Ara tó ń ro yín díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kà á sí owó ọjọ́ kan tí alájọ máa ń mú.

Àwọn onímọ̀ kan ní University College London gbé ìwádìí kan jáde ní 2010. Wọ́n ní kí ènìyàn 96 mú nǹkan kékeré kan tí wọn óò máa ṣe lójoojúmọ́, bíi kí wọ́n jẹ èso tàbí kí wọ́n sáré díẹ̀, kí wọ́n wo ọjọ́ tó máa gbà kó tó di ohun tí ara ń ṣe láì rò ó. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn wọn, ọjọ́ 66 ló gbà á. Ẹni tó yá jù, ọjọ́ 18. Ẹni tó pẹ́ jù, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé á tó ọjọ́ 254. Ẹ wá wo Bàbá Ọ̀sẹ̀ Méjì o! Ọjọ́ kẹrìnlá ló ń sá, nígbà tí ẹni tó yá jù lọ pàápàá kò tíì dé ibi tó ń lọ. Wọ́n sì tún rí i pé ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí nítòsí, ẹ wo Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀, tó ń gbé irin fún Nàìjíríà nínú ìdíje Paralympics tó jẹ́ ti àwọn akanda ẹ̀dá. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, fàdákà ló gbà. Wúrà kò bọ́ sí i lọ́wọ́ àfi ní Tokyo ní 2021, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Nígbà tó di Paris ní 2024, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ti kílò 167 sókè, kò sì sí obìnrin kankan nínú ìsọ̀rí rẹ̀ lágbàáyé tó dé ibẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ̀yin bíríkìlà, àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ to mẹ́ta léra, kí ẹ wá gbé garawa omi kan lé e. Lucy Ejike náà ń bẹ níbẹ̀: láti Sydney ní 2000 títí dé Tokyo ní 2021, Paralympics mẹ́fà, kò sì sí èyí tó ti bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Wúrà mẹ́ta, fàdákà méjì, idẹ kan. Ṣé ẹnìkan á wá sọ fún mi pé gbogbo òwúrọ̀ ọdún mọ́kànlélógún yẹn ni irin ń wu obìnrin náà í gbé?

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa sọ: "Ọmọ yìí, ẹrù tí à ń rù kò tó ni?" Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹrù ọjà, ọrùn àti ẹ̀yìn ló ń pọ́n lójú, lọ́nà kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ tán, ẹ ó jókòó títí di alẹ́, itan kò ríṣẹ́ ṣe. Bí ènìyàn bá sì ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, iṣan ara ń dínkù díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Ẹ ṣọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìde lórí àpótí. Ṣé ẹ kì í kọ́kọ́ di tábìlì mú, kí ẹ tó ní "yéè"? Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á yẹ̀ nínú balùwẹ̀, egungun ìbàdí á dá, ìsọ̀ á wà ní títì, ta ló máa wá san owó ilé-ìwé?

Ní Boston lọ́dún 1990, àwọn dókítà kó àgbàlagbà mẹ́wàá jọ, àwọn tó tó ẹni nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, tí ara wọn kò le, wọ́n ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ gbé irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ṣe é parí. Agbára ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, àwọn méjì sì ju ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ọ̀hún ti lọ. Ẹ rí i? Àjọ tí a kò dá mọ́ ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ló yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lókun. Ẹni tó ti pé ọdún 65, kó tún máa fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ṣe èyí tó pa agbára pọ̀ mọ́ dídúró dáadáa láì ṣubú. Kò gba jíìmù. Kí ẹ tó palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, ẹ dìde lórí àpótí kí ẹ tún jókòó, láì di nǹkan mú, ìgbà márùn-ún. Ẹ fọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ìgbà márùn-ún. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré sókè sílẹ̀. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí o. Ní àdúgbò wa níbí, ọmọ tí apá rẹ̀ bá ti ki, ọmọ ìta lẹ ń pè é. Àwọn ìyá mìíràn tìtorí ẹ̀ lé ọmọ wọn kúrò nídìí irin. Ọmọ tó mọ̀ pé lálẹ́ Ìṣẹ́gun òun ní irin láti gbé, mo rò pé ibi tí wàhálà wà máa jìnnà sí i díẹ̀.

Ní ti ọ̀gbẹ́ni wa, káàdì àjọ kò lè wọ́n ọn ní Ṣómólú tí wọ́n ti ń tẹ gbogbo nǹkan. Kó mú ọ̀kan, kó kọ orúkọ sí i, kó gbé e fún ìyàwó tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìyàwó ni alájọ. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun àti lálẹ́ Ẹtì, kó tó jẹun, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ìyàwó fi bírò sàmì sí i. Ibi kan ṣoṣo ni irin ti yàtọ̀ sí àjọ: ọjọ́ tó bá pa jẹ, kó jẹ́ kó lọ. Kó má ní òun máa san gbèsè ẹ̀ ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì, irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ló ń dá ènìyàn lẹ́yìn.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, tàbí tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì. Ẹ má sé èémí bí ẹ bá ń gbé e, ẹ máa mí síta. Àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró pé á mú apá wú, ẹ sá fún wọn, ó ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá gbìyànjú ti àpótí yẹn, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ lè dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti iye tí ẹ ń dìde lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ má bù mọ́ ọn o, àwọn ọmọ yín á tú àṣírí.