Àwo Secchi Pé Ọgọ́jọ Ọdún: Ẹ Kú Oríire!

Gbogbo ẹni tó ti na okùn sínú òkun rí, tó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé, ẹ kú oríire o! Ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2025 ni àwo Secchi pé 160 ọdún. Angelo Secchi, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló wọ ọkọ̀ Póòpù nítòsí Civitavecchia ní Ítálì lọ́dún 1865. Alessandro Cialdi, ọ̀gá ológun ojú omi Póòpù, ló ké sí i. Wọ́n fi okùn sọ àwo funfun kalẹ̀ sínú omi, wọ́n ń wo ibi tí yóò ti pòórá lójú wọn.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwo bá pòórá sí, ẹ wọn okùn; ìyẹn ni yóò sọ bí omi ṣe mọ́ tó. Kò gba bátìrì, ẹ ò sì ní máa retí NEPA.

Ohun tó yẹ ká jó sí ni pé ọ̀nà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí atukọ̀ kọ ní 1900 ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná. Ní 1986, ní òkun Weddell lẹ́bàá Antarctica, ó tó nǹkan bíi mítà 80 kí àwo tó pòórá! Ní 2010, Boyce, Lewis àti Worm láti Kánádà kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láti 1899 wá, wọ́n ní àwọn ewéko wínníwínní inú òkun, tó máa ń mú kí àwo tètè pòórá, ń dín kù. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò wọ́n, wọ́n ní bí wọ́n ṣe da nọ́ńbà àwo pọ̀ mọ́ ti ewéko tí wọ́n wọ̀n tààrà látinú omi kò gún. Ó dùn mọ́ mi. Ká ní kò sí ìwé, kí ni wọn ì bá fi jiyàn?

Ẹ̀yin ará Àsin Èkìtì, òkun jìnnà sí wa lóòótọ́, àmọ́ George Whipple, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ omi mímu, ti sọ àwo náà di aláwọ̀ dúdú àti funfun fún adágún láti 1899. Àwa náà ní Dáàmù Ìtapájì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòlé. Gbogbo wa la mọ̀ pé òjò a máa wọ́ ẹrẹ̀ oko wọ inú omi títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì tún tòrò nígbà ọyẹ́. Mítà mélòó ni àwo máa ń dé níbẹ̀ lóṣooṣù kó tó pòórá?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹja ní Yunifásítì Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ọgbà yín ní Ìkòlé kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ mú àwo kan àti okùn tí ẹ fi àmì sí. Ojú kan náà ni kí ẹ ti máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọjọ́, aago àti bóyá òjò rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.