Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Ọ̀pọ̀ òbí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbà pé ìwé ẹ̀rí tí ó dára ti tó fún ọmọ láti rí iṣẹ́ tí ó wù ú. Ti àwọn awakọ̀ òfurufú inú Air National Guard, tí púpọ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá wọ iṣẹ́ ológun òfurufú gan-an, ìjọba àpapọ̀ ni yóò yan ọkọ̀ tí yóò wà àti ìlú tí yóò gbé. Ṣùgbọ́n nínú Guard, tí ó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan awakọ̀ tirẹ̀. Wọn yóò yẹ ìwé àti èsì ìdánwò wò. Lẹ́yìn náà wọn yóò bi ara wọn léèrè pé: Ta ni a mọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí? Ta ni yóò bá wa pẹ́? Ọdún 10 ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi sìn lẹ́yìn tí ó bá kọ́ṣẹ́ tán. Nítorí náà ni àwọn tí ń wá ipò yìí fi máa ń bẹ ibùdó wò kí ọjọ́ ìyàn tó pé.

Ibùgbé pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní Houston, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ọkọ̀ òfurufú tí a ń darí láti ilẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ó wà ní Ellington ń lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ wa ọkọ̀ akẹ́rù C-130 nínú Guard ti Texas yìí kan náà, Fort Worth ni yóò kọjú sí, ìrìn nǹkan bí 260 máìlì. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ awakọ̀ ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù lọ.

Àwa kò bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí. Ẹni tí a ó fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́, ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ ẹni tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ mọ ẹnu-ọ̀nà láti kékeré. Ọmọ àlejò lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà. Èrò tiwa ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ máa kéde àyè tí ó ṣí sílẹ̀ àti ọjọ́ ìbẹ̀wò ní gbangba, kí ojúsàájú má baà gba ipò ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin òbí náà, ọmọ yín tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lójú òfin, tí ó sì ti gboyè yunifásítì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jókòó sílé máa retí lẹ́tà. Kí ó kọ̀wé ṣáájú, kí ó lọ kí wọn, kí ó sì tún padà lọ. Ẹni tí ó mọ ojú Ògún ni í pa obì ní Ìrè.