Orin Tí Ọmọ Wa Kọ, Ta Ni Ó Ni Í?

A bá àwọn tí wọ́n bímọ ní Nyanya àti ní Gwagwalada yọ̀. Olúwa yóò dá àwọn ọmọ náà sí, àwọn ìyá wọn yóò sì jẹun ọmọ. L'oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó lè kan ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní Kubwa ń kọ orin. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ohùn náà lọ. Àwọn kan tí ń ṣe fíìmù gbọ́ ọ̀kan nínú orin rẹ̀, wọ́n sì mú ìwé olójú-ewé mẹ́rin wá pé kí ó fi ọwọ́ sí i. Owó tí wọ́n dárúkọ tó san owó ilé ọdún kan. Ìyá rẹ̀ ti ń dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ kà á ná. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú ewé kẹta ni a ti rí i pé ọmọ náà ti yọ̀ǹda orin rẹ̀ fún wọn títí láéláé, ní gbogbo àgbáyé, ní gbogbo ọ̀nà tí a mọ̀ àti èyí tí a kò tíì mọ̀. Nítorí owó ilé ọdún kan!

Kí gbogbo òbí mọ̀ pé nǹkan méjì ni ó wà nínú orin kan. Èkínní ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti bí a ti ń dá a. Èkejì ni èyí tí a gbà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní master. Ẹnìkan lè ni èkínní kí ẹlòmíràn ni èkejì. Oníṣẹ́ fíìmù tí ó bá fẹ́ fi orin sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lórí méjèèjì. Ọmọ wa yìí l'ó kọ orin, òun náà l'ó san owó ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Nítorínáà kọ́kọ́rọ́ méjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé náà sì ń gba méjèèjì ní owó ẹyọ kan.

Àwa tí a ń jẹun nínú iṣẹ́ rélùwéè mọ ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ́. Ẹni tí ó gba tíkẹ́ẹ̀tì láti Idu dé Rigasa ní ìjókòó, ó ní ọjọ́, ó ní wákàtí. Bí ọkọ̀ bá dé Rigasa, kí ó sọ̀kalẹ̀. Kò lè sọ pé òun l'ó ni ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ìlò orin yẹ kí ó rí: fíìmù wo ni, ọdún mélòó, ilẹ̀ wo, ṣé òun nìkan ni yóò máa lò ó tàbí a lè fún ẹlòmíràn pẹ̀lú. Gbólóhùn "òun nìkan" yìí ni ó wọ́n jù. Bí ẹnìkan bá ní kí o ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo oníbàárà yòókù, kí ó san owó ìlẹ̀kùn náà.

Òfin kò fi wá sílẹ̀. Copyright Act ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí l'oṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó fi jẹ́ pé ogún ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni. A kò sì lè tà á pátápátá, tàbí kí a fún ẹnìkan ṣoṣo, láìsí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Àjọ ìjọba tí ń bójútó o, Nigerian Copyright Commission, wà ní Abuja wa níhìn-ín. A lè fi orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láìṣe bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ náà wà. Owó tí rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì ń san lórí orin, ọ̀tọ̀ ni. Ẹgbẹ́ MCSN, tí ìjọba fún ní àṣẹ l'ọ́dún 2017, ni ó ń gbà á. Kí ìwé fíìmù má gbé ìyẹn lọ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. L'ọ́dún 1960 ni Babatunde Olatunji, ọmọ Ajido lẹ́bàá Badagry, gbé àwo Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà. Orin kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Akiwowo, tí a kọ sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ẹ wò ó o! L'ọ́dún 1964, Serge Gainsbourg ní ilẹ̀ Faransé gbé orin náà, ó fi èdè Faransé sí i, ó sọ ọ́ di orin àwọn ilé gogoro New York. Nígbàtí àwo náà jáde, orúkọ Olatunji kò sí lára rẹ̀. King Sunny Ade náà bá ilé-iṣẹ́ African Songs ní gbólóhùn asọ̀ lórí ìwé àdéhùn, wọ́n dé ilé ẹjọ́. Nígbàtí ó kúrò lọ́dọ̀ wọn l'ọ́dún 1974, ó dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣáájú èyí, l'ọ́dún 1969, Haruna Ishola àti I. K. Dairo ti dá STAR Records sílẹ̀ kí ohun tí wọ́n kọ lè wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn méjèèjì yìí kò lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọmọ náà bínú sí wa díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má lé oríire ọmọ mi lọ o." A kò lé e. Lọ́yà kan nínú ẹgbẹ́ wa bá wa tún ìwé náà kọ: fíìmù kan yìí nìkan, ọdún márùn-ún, bí wọ́n bá fẹ́ fi orin náà polówó ọjà, kí a tún owó míràn sọ, kí orúkọ ọmọ náà hàn nínú fíìmù, kí ìdajì owó wọlé l'ọ́jọ́ tí a bá fi ọwọ́ sí i. Àwọn náà rẹ́rìn-ín nígbàtí wọ́n rí i, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ọmọ náà ní ènìyàn.

Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, wọ́n ti gba ọdún márùn-ún, wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ orúkọ. "Òun nìkan" ni a ṣì ń fà á lé lórí. Ọmọ náà kò tíì fi ọwọ́ sí nǹkankan.