Adìẹ àti Ọ̀dùnkún Òyìnbó Nílé Àwọn Amish

A ti gbọ́ bí owó alásè ti ń dẹ́rù ba àwọn ìyá ìyàwó láàárín wa. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ àwọn Amish wá. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún 1750 tó dé ni àwọn baba wọn ti ń ti Yúróòpù wá síbẹ̀, síbẹ̀ èdè Jámánì tiwọn ni wọ́n ṣì ń bá ọmọ sọ nílé.

Ní Lancaster, lẹ́yìn ìkórè, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìgbéyàwó nílé ìyàwó. Àlejò lè tó 300. Ẹbí àti aládùúgbò ni ó ń se oúnjẹ, tọkọtaya ni wọ́n sì ń pín iṣẹ́ náà fún. (Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́ o!) Wọn a ya ẹran adìẹ sísun kúrò lára egungun, wọn a pò ó mọ́ búrẹ́dì wẹ́wẹ́, ẹyin àti bọ́tà; "roascht" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dùnkún, wọn a tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú mílíìkì títí yóò fi rọ̀, wọn a wá da ọbẹ̀ adìẹ lé e.

Ẹ̀yin ará Jos, ọ̀dùnkún wà nítòsí yín. Àwa ti dán an wò nílé. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán. Ìyá wa béèrè ibi tí ata wà.